Ó Fọ́ Ni, àbí O Fọ́ Ọ?

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ọgbọ́n àwọn olóṣèlú. Àwo tánńganran kan wà nílé wa tí òdòdó pupa yí etí rẹ̀ ká. Ìyá mi kì í gbé e jáde àfi bí àlejò pàtàkì bá dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbé e, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó balẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó di mẹ́rin. Nígbà tí ìyá mi ti ọjà dé, mo sáré pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Àwo yẹn ti fọ́." Wọn ò tíì sọ igbá orí wọn kalẹ̀ tí wọ́n fi dá mi lóhùn: "Ó fọ́ ni, àbí o fọ́ ọ?"

Ohùn kan àti fáwẹ̀lì kan péré ló wà láàárín "ó fọ́" àti "o fọ́ ọ". Nínú ti àkọ́kọ́, àwo ló jókòó sípò olùwà, bíi pé òun ló pinnu láti fọ́ ara rẹ̀. Nínú èkejì, èmi ni mo wà níbẹ̀. Ìyá mi ò ka gírámà, wọn ò sì lọ sílé ìwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n rí ibi tí mo sá sí nínú gbólóhùn náà kí n tó sọ ọ́ tán. Mo jẹ̀bi, mo sì jìyà. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé n kò tíì mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá lọ́jọ́ náà. Yorùbá ni mo fi sá pamọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nítorí èrò kan tó ti gbilẹ̀ láàárín àwa tí a fẹ́ràn èdè wa. Ẹ ó gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ ó gbọ́ ọ níbi ayẹyẹ àyájọ́ èdè abínibí ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdọọdún, ẹ ó gbọ́ ọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. Wọ́n á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn olóṣèlú fi ń tàn wá jẹ. Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ní irú gbólóhùn kan tí wọ́n ń pè ní passive, tí ènìyàn lè fi ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ láìdárúkọ ọlọ́wọ́. Yorùbá ò ní irú rẹ̀, wọ́n á ní, torí pé ọ̀rọ̀-ìṣe wa gbọ́dọ̀ ní olùwà. Nítorí náà, ọjọ́ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ti ń fi Yorùbá jíròrò, tí gómìnà bá ti ń fi Yorùbá jíhìn iṣẹ́ rẹ̀, irọ́ parí. Àwọn olùkọ́ èdè ń sọ ọ́, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ ọ́, àwọn olóṣèlú gan-an ti ń bá wọn sọ ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ò tọ̀nà, ó sì ń pa wá lára, torí ó ń jẹ́ ká sinmi níbi tó yẹ ká ti la ojú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 1987, Ronald Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà, dúró níwájú àwọn aṣòfin láti sọ̀rọ̀ lórí ohun ìjà tí ìjọba rẹ̀ ti ń tà fún Iran ní kọ̀rọ̀. Kò ní òun ṣe àṣìṣe, kò sì ní lágbájá ló ṣe é. Ohun tó sọ ni pé àṣìṣe ńlá di ṣíṣe. Ulysses Grant, tí òun náà jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, ti lo irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní 1876 nígbà tó kù díẹ̀ kó kúrò lórí oyè, àmọ́ ti Grant sàn díẹ̀, nítorí ó fi kún un pé òun gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. George Orwell, tí ọ̀pọ̀ wa ka Animal Farm rẹ̀ nílé ìwé, kọ àròkọ olókìkí kan ní 1946 lórí òṣèlú àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó gba àwọn òǹkọ̀wé níyànjú níbẹ̀ pé kí wọ́n yẹra fún passive níwọ̀n ìgbà tí gbólóhùn tó dárúkọ olùṣe bá wà. Láti ìgbà náà ni àwọn olùkọ́ ti ń fi kọ́ ọmọ pé passive ni ilé irọ́.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ Reagan: "Àṣìṣe wáyé." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí passive níbẹ̀, kò sì sí ènìyàn níbẹ̀. Kí la ṣe? A mú "ṣì" àti "ṣe", a fi "à" síwájú wọn, ẹni tó ṣi nǹkan ṣe sì pòórá. Ọ̀nà kan náà ni ìkówójẹ fi ń wáyé láìsí ẹni tó kó owó jẹ, tí ìdádúró ń dé bá iṣẹ́ láìsí ẹni tó dá a dúró, tí ìfagilé ń ṣẹlẹ̀ sí ìdìbò láìsí ẹni tó fagi lé e. Gbogbo wa la ń lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lójoojúmọ́, wọn ò sì burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè tó lè ṣe èyí kò nílò kó lọ yá àwíjàre lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Àní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń dá lẹ́bi yìí, tí àwọn olóṣèlú wa bá fẹ́ fi í sá, kì í sábà jẹ́ passive ni wọ́n ń lò. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2020, àwọn sójà yìnbọn ní Lekki Toll Gate l'Ékòó, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS jókòó sí. Lọ́jọ́ kejì, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Babájídé Sanwó-Olú, sọ pé àwọn agbára kan tó kọjá ìkáwọ́ àwọn ní tààrà ti dìde láti kọ ohun dúdú sínú ìtàn wa. Ẹ fi gírámà wo gbólóhùn yẹn. Kò sí passive níbẹ̀. Olùwà wà, "àwọn agbára" ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe wà, wọ́n dìde, wọ́n fẹ́ kọ. Olùkọ́ tó ń wá passive kiri nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fi báírò pupa kàn án. Ṣùgbọ́n agbára kì í wọ aṣọ sójà, kì í sì í gbé ìbọn. Ènìyàn ló ń gbé ìbọn, ènìyàn ló sì ń pàṣẹ fún ẹni tó gbé e. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ilé iṣẹ́ ológun tó ti kọ́kọ́ pe ìròyìn náà ní ayédèrú yí ohùn padà, wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló pe àwọn. Ìyẹn ni pé láti alẹ́ ọjọ́ kìíní ni àwọn kan ti mọ ẹni tó pe ta. Orúkọ wà, gbólóhùn tí wọn yóò fi í sí ni wọn ò fẹ́ sọ.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn sójà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá olórin l'Ékòó. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè, ilé náà sì jóná. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, èsì tí wọ́n sì mú jáde ni pé sójà kan tí a kò mọ̀, tí inú ń bí, ló dáná sun ilé. Fẹlá sọ sójà yẹn di orúkọ àwo orin tó gbé jáde ní 1979. Ẹ wo gbólóhùn ìgbìmọ̀ náà dáadáa. Ó dárúkọ olùṣe: sójà. Ó tilẹ̀ sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Bí ẹ bá fi Yorùbá sọ ọ́, ẹ ó fi "ni" tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: sójà tí a kò mọ̀ ni ó sun ún. Gírámà rẹ̀ dá ṣáká, ìdájọ́ rẹ̀ sì jẹ́ òfìfo. Mọ inú ẹnìkan, kí o má mọ orúkọ rẹ̀! N kò tíì rí gbólóhùn tó bí mi nínú tó ìyẹn rí nínú ìwé ìjọba.

Ó tún wá di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023. Lọ́jọ́ tí Bọ́lá Tinúbú búra fún ipò ààrẹ ní Abuja, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ti lọ, bí ìgbà tó ní ẹsẹ̀. Ká tó ka ọjọ́ mẹ́ta, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di 488 náírà l'Ékòó. Ìjọba Bùhárí ti kọ ọ́ sínú ètò ìṣúná 2023 pé owó náà kò ní kọjá oṣù kẹfà. Nítorí náà, ta ló mú un kúrò? Ẹni tó ń lọ fi òpin sí i nínú ìwé, kò fi ẹnu ara rẹ̀ kéde ọjọ́ tí ara yóò ta ènìyàn. Ẹni tó ń bọ̀ kéde rẹ̀, ó ní ó ti lọ. Mi ò ní ṣàbòsí: ààrẹ náà padà wá sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun lòun pinnu, pé ire orílẹ̀-èdè lòun rò. Gbólóhùn yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ padà wálé sí Yorùbá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ lálẹ́, kí ni gbogbo àdúgbò máa ń sọ? "Wọ́n ti mú iná lọ." Bó bá dé, àwọn ọmọdé á pariwo, "Wọ́n ti mú iná dé!" Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń sọ ọ́, n kò sì tíì bá "wọn" pàdé rí. NEPA ni ilé iṣẹ́ iná ìjọba nígbà náà. PHCN rọ́pò rẹ̀ ní 2005. Ìjọba ta iṣẹ́ náà fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2013, àwọn tó ni wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n ní nọ́ńbà fóònù. Ohun gbogbo yí padà àfi olùwà gbólóhùn wa. "Wọ́n" ṣì ni. Bí a bá fẹ́ sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi passive sọ, òun náà là ń lò: wọ́n jí owó náà, wọ́n pa á, wọ́n ti ti ilé ìwé náà pa. Òótọ́ ni pé olùwà wà níbẹ̀. Àga ni, kò sí ẹni tó jókòó lé e.

Àpọ́nlé wá gorí rẹ̀. Yorùbá tí wọ́n kọ́ níwà kì í pe àgbà ní "ó". Ìdí nìyẹn tí mo fi pe ìyá mi ní "wọ́n" nínú ìtàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè kọ ọ́ lọ́nà mìíràn kí ọwọ́ mi má gbọ̀n. Ohun iyebíye ni, n kò fẹ́ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí olóṣèlú ń rí gbà níbẹ̀. "Wọ́n" kan náà ni fún gómìnà kan ṣoṣo, òun náà ni fún ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, òun náà ni fún ẹni tí kò sí. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nà bá jáde wá sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà pé "wọ́n ní kí ẹ ṣì máa lọ", ta ló lé yín? Ẹ kò ní mọ̀ láéláé, ẹ ó sì ki í pé ó ṣeun.

Mo rí èyí lójú ara mi. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àgbàrá gbé afárá kékeré kan lọ ládùúgbò wa. Afárá náà ò gùn ju bọ́ọ̀sì kan lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé. A tẹ́ pákó mẹ́ta dípò rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, alága ìjọba ìbílẹ̀ wá ṣèpàdé pẹ̀lú wa nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé náà. Yorùbá tó sọ lọ́jọ́ náà dùn ún gbọ́. Ó kí àwọn àgbà pẹ̀lú oríkì wọn, ó pòwe, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan afárá, ó ní, "Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ti wá wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ó ti wà lójú ọ̀nà." A tún pàtẹ́wọ́.

Ìyá kan tó ń ta gààrí ní ìkóríta wa dìde. Wọ́n tún gèlè wé, wọ́n fi ọwọ́ kan tẹ orí àga tó wà níwájú wọn, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alága. Wọ́n tí ẹ ní wọ́n gbọ́ yẹn, ṣé àwọn náà ni wọ́n tó wá wọ̀n ọ́n, àbí wọ́n mìíràn ni? Ẹ bá wa dárúkọ wọn ká lè mọ ẹni tí a máa kí."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá wa, ẹ má ṣèyọnu, àwọn ọ̀gá wa lókè ni." Láti ẹ̀yìn, ọkùnrin kan jágbe mọ́ ìyá náà pé kí wọ́n jókòó, pé a kì í bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Alága tó pè ní àgbà yẹn, ìyá náà lè bí i lọ́mọ. Wọ́n jókòó. Ìpàdé parí, wọ́n pín omi inú ọ̀rá, a túká. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú gbogbo ohun tí alága sọ lórí afárá náà, kò sì sí ohun kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè dì mú.

"A" náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Yorùbá ò ní ọ̀nà láti ya "a" tí ìwọ wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára "a" tí o kò sí níbẹ̀. Bó bá di ọ̀rọ̀ ìfaradà, "a ní láti fara dà á" máa ń kó gbogbo ìlú mọ́ra. Bó bá di ọ̀rọ̀ àṣeyọrí, "a ti ṣe é" kì í kọjá inú ilé ẹgbẹ́. "Ìjọba" ńkọ́? Ìjọba ti gbọ́, ìjọba ń gbìyànjú, ojú ń ti ìjọba. Kò sí ẹni tó lè lọ kan ilẹ̀kùn ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "àmúwá Ọlọ́run". Táńkà epo tí bíréèkì rẹ̀ ti bàjẹ́ yóò yí dànù lórí ọ̀nà tí kò sí ẹni tó tún un ṣe, ọjà yóò jó, ènìyàn yóò kú. Olóṣèlú yóò dé pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì, yóò ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni, ẹ jẹ́ ká gba kádàrá." Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: à-mú-wá. Èyí dárúkọ olùṣe kedere. Ọlọ́run ni olùwà. Ẹni tó gba owó àtúnṣe ọ̀nà, ẹni tó fọwọ́ sí i pé táńkà náà yẹ lójú ọ̀nà, ẹni tó ni táńkà, gbogbo wọn bọ́ sẹ́yìn Ọlọ́run, ẹni tí a kò lè pè wá jẹ́jọ́. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ á sì ní "Àmín". Mo ti jókòó síbi irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀, n kò lè dáhùn. Bí ẹni tó ṣẹ̀ bá fi orúkọ Ọlọ́run bo ara rẹ̀, ó ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí Ọlọ́run ò bá sí nítòsí, kòkòrò á wà. Ní oṣù kẹjọ 2022, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà ní Abuja ń béèrè ìwé ẹ̀rí owó tó lé ní bílíọ̀nù 17 náírà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Lára àlàyé tí wọ́n rí gbà ni pé ikán ti lè jẹ àwọn ìwé náà. Ikán jẹ ìwé: olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀. Gbólóhùn tó pé jù nìyẹn nínú ìwé gírámà.

Òwe pẹ̀lú. A ń gbé òwe lárugẹ pé òun ni ẹṣin ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n ẹṣin kan náà ni olè ń gùn sá lọ. Ẹ bi olóṣèlú pé èló ni wọ́n ná sórí ilé ìwòsàn, á mi orí, á ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ á hó yèè. Ìdáhùn ò tíì wáyé, àríyá ti bẹ̀rẹ̀.

Bóyá ẹlòmíràn á ní àwọn ọ̀rọ̀ yìí kéré, pé ẹ̀yìn ìròyìn ni gírámà ń gbé. Kí onítọ̀hún rántí ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 1993. Ìdìbò ààrẹ tí M. K. O. Abíọ́lá borí ní ọjọ́ 12 oṣù náà, ìwé kan ló fagi lé e. Ìwé náà ò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sì ní ìbuwọ́lù. Ìbò mílíọ̀nù mílíọ̀nù ènìyàn ni ìwé tí kò ní olùwà wọ́gi lé. Kúdírátù, ìyàwó Abíọ́lá, kú sí ọwọ́ àwọn tó yìnbọn fún un l'Ékòó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996. Ọkọ rẹ̀ kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998. Ó di ọjọ́ 20 oṣù kejì 2025 kí Ibrahim Babangida, olórí ìjọba ológun nígbà ìdìbò náà, tó kó ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní Abuja. Ó gbà níbẹ̀ pé Abíọ́lá ló borí, ó ní àwọn kan ló gbé ìkéde náà jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n pé òun tí òun jẹ́ olórí ni ẹrù rẹ̀ wà lọ́rùn òun. Ó lé ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí kò lórúkọ, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni ìwé tó gba ẹrù. Èdè kan náà ni wọ́n fi sá, òun ni wọ́n fi padà wá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní 2025 kò sí ohun tí ìjẹ́wọ́ náà lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é mọ́.

Èyí ló mú mi ronú kan Ìbàdàn ní 1952. Ní oṣù keje ọdún náà, S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nínú ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé àbá ka iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó máa ṣe é hàn, ọjọ́ tó máa ṣe é hàn, wọ́n sì sọ fún àwọn ará ìlú pé àwọn ni yóò san owó orí kún un. Ìlú bínú sí owó orí náà. Ní 1954, nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀, ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní agbègbè tiwọn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ NCNC. Wọn ò yí ọjọ́ padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ilẹ̀kùn ilé ìwé ṣí, gbogbo ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà sì lé ní 800,000. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn tó rò pé sísọ òótọ́ ní ṣókí ò ní í ná olóṣèlú ní nǹkan kan. Ó ná wọn ní ìbò. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní èdè tí a ní kò ṣe é fi sòótọ́.

Ẹ má rò pé àwọn olóṣèlú ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ gbólóhùn tó ṣe tààrà ní Yorùbá. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà 2022, ní Abẹ́òkúta, Bọ́lá Tinúbú sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá mọ̀ lónìí: "Èmi ló kàn." Àwọn onígírámà ń pe irú rẹ̀ ní gbólóhùn alátẹnumọ́. A gbé ẹni náà wá síwájú, a fi "ni" dè é mọ́lẹ̀, kò sí ibi tó lè yà sí. Èmi ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. N kò rí gbólóhùn tó dára jù ú lọ fún jíjíhìn nínú èdè èyíkéyìí. Ohun tí mo ń bi gbogbo wọn, láti káńsílọ̀ dé ààrẹ, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n wà, ni ìdí tí "èmi ni" fi máa ń já geere lẹ́nu wọn nígbà tí oyè bá kàn, tó sì ń di "wọ́n" nígbà tí ìṣirò bá kàn. Èdè ò yí padà láàárín ọjọ́ méjèèjì.

Ẹnìkan á ní, ṣé kí a máa bá Gẹ̀ẹ́sì lọ nìyẹn? Rárá o. Abala 97 ìwé òfin 1999 fàyè gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láti fi èdè ìbílẹ̀ jíròrò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilé aṣòfin Èkó kọ Yorùbá sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà gan-an, bíi pé èdè wa yóò rẹ àwọn aṣòfin sílẹ̀, ìtìjú ni wọ́n ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ Yorùbá níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ ni kí ìyá onígààrí lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí wọ́n sì lè béèrè pé ta ni. Èdè kò ní bá wọn béèrè. Kò sí èdè tó ń béèrè ìbéèrè fún ẹni tó dákẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní èrò yẹn ń pa wá lára. Bí a bá ti gbà pé Yorùbá ò gba irọ́, ẹni tó bá bá wa sọ Yorùbá dídùn ti gba ìwé ẹ̀rí òtítọ́ lọ́wọ́ wa kó tó la ẹnu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé yẹn nìyẹn. Oríkì wọ̀ wá lára, a ò gbọ́ "wọ́n" mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó gbọ́ ọ nínú wa, a ní kí wọ́n jókòó.

Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ̀yin la gbójú lé jù. Bí kọmíṣọ́nà bá ní wọ́n ti fọwọ́ sí i, ẹ má tíì kọjá sí orin. Ẹ bi í pẹ̀lú ẹ jọ̀ọ́ sà, pẹ̀lú ẹ má bínú sà, ẹ tilẹ̀ lè dọ̀bálẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í: ta ló fọwọ́ sí i, lọ́jọ́ wo, èló ni? Ìkúnlẹ̀ ò dí ìbéèrè lọ́wọ́. Ìyá onígààrí bọ̀wọ̀ fún alága, wọ́n sì béèrè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ ní òwe, kí ẹ sì kọ́ wọn láti mọ ìgbà tí òwe gba ipò ìdáhùn. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ìdìbò 2027 ń bọ̀, wọn yóò wá sí àdúgbò yín, Yorùbá wọn yóò sì dùn.

Alága tiwa ti kúrò lórí oyè. Pákó mẹ́ta yẹn ṣì wà níbi tí afárá wà. Omi ti jẹ wọ́n rà lẹ́ẹ̀mejì, a sì ti pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àwa ará àdúgbò la dá owó rẹ̀.